Ǹjẹ́ Ó Tọ́ kí A Ya Àwọn Ọ̀daràn Paraku Sọ́tọ̀?

Nígbà tí mo wà ní ọmọdé ní Ìlaròó, a máa ń rí àwọn ẹlẹ́wọ̀n tí wọ́n ń gé koríko lẹ́bàá ọ̀nà. Wọ́dà kan ṣoṣo ni ó máa ń tẹ̀ lé wọn, òun náà a sì jókòó sábẹ́ igi, a máa fi fìlà rẹ̀ fẹ́ ara rẹ̀. Àwa ọmọ ilé-ìwé a máa gba ibẹ̀ kọjá láìfòyà. Àwọn kan nínú wọn a tilẹ̀ máa bi wá léèrè ohun tí wọ́n kọ́ wa ní ọjọ́ náà. Ní ọjọ́ kan mo bi bàbá mi pé, kí ni ó dé tí àwọn ènìyàn wọ̀nyí kò fi sá lọ, nígbà tí àdá wà lọ́wọ́ wọn, tí ẹni tí ó ń ṣọ́ wọn sì ń tòògbé. Bàbá mi rẹ́rìn-ín, ó ní, "Àwọn tí ó jà ní ọjà ni wọ́n, àti àwọn tí ó jí ewúrẹ́. Níbo ni wọn yóò sá lọ? Ilé wọn kò jìnnà. Àwọn tí ìbá sá lọ kò sí níhìn-ín." Mo bi í pé níbo ni àwọn yẹn wà. Ó ní, "Wọ́n wà ní ibi tí ojú ìwọ kò gbọdọ̀ dé."

Láti ìgbà náà ni mo ti mọ̀ pé ẹ̀wọ̀n ju oríṣi kan lọ. Ohun tí mo fẹ́ kí èmi àti ẹ̀yin jọ gbé yẹ̀wò nìyí: ǹjẹ́ ó tọ́ kí ìjọba kọ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n ọ̀tọ̀, tí odi rẹ̀ ga, tí ẹ̀ṣọ́ rẹ̀ sì pọ̀, fún àwọn tí a ti dá lẹ́bi ìpànìyàn, ìdigunjalè, ìjínigbé àti irú ẹ̀ṣẹ̀ ńlá bẹ́ẹ̀? Tàbí ó yẹ kí gbogbo ẹlẹ́wọ̀n máa gbé abẹ́ òrùlé kan náà? Ẹ má ṣe yára dáhùn. Èmi fúnra mi yára dáhùn nígbà kan, mo sì ti yí ọ̀rọ̀ mi padà lẹ́ẹ̀mejì láti ìgbà náà.

Kí òyìnbó tó dé, kì í ṣe àṣà àwọn baba wa láti sé ènìyàn mọ́ inú ilé fún ọdún mẹ́wàá. Ẹ wo ọ̀rọ̀ náà, ẹ̀wọ̀n: irin tí a so kọ́ ara wọn ni, kì í ṣe ilé. A lè fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ de ọ̀daràn títí ẹjọ́ rẹ̀ yóò fi parí. Bí ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ bá kéré, yóò san owó ìtanràn. Bí ó bá tóbi, a ó lé e kúrò ní ìlú, tàbí kí a tà á lẹ́rú. Bí ó bá sì jẹ́ èyí tí ilẹ̀ kò lè gbà mọ́ra, Orò ni yóò gbé e. Èmi kò sọ èyí láti yin ayé àtijọ́. Ẹni tí Orò bá gbé kò ní ilé-ẹjọ́ gíga tí yóò tún gbé ọ̀ràn rẹ̀ lọ. Bí a bá sì padà rí i pé aláìṣẹ̀ ni, ẹ̀pa kò bóró mọ́.

Nínú gbogbo ìyà wọ̀nyí, lílé kúrò ní ìlú ni ó súnmọ́ ohun tí à ń sọ jù lọ. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé: a kò ní pa ọ́, ṣùgbọ́n a kò lè máa bá ọ gbé mọ́. Ní ilẹ̀ Yewa wa yìí, tí a ń pè ní Ẹ̀gbádò títí di ọdún 1995, ìyà náà kò fi bẹ́ẹ̀ wúlò mọ́ láti ìgbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn Faransé fi àdéhùn ọdún 1889 fa ilà sí àárín wa. Kétu àti Pọ́bẹ̀ bọ́ sí apá kan, Ìlaròó àti Ìmẹ̀kọ bọ́ sí apá kejì. Ẹni tí ìlú kan bá lé ní òwúrọ̀ lè sùn ní ilẹ̀ òkèèrè ní alẹ́ ọjọ́ náà, kí ó sì jẹ́ pé èdè ìyá rẹ̀ ni wọn yóò fi kí i káàbọ̀ níbẹ̀. Àwọn òbí yín lè rántí oṣù Kẹjọ ọdún 2003, nígbà tí ìjọba Nàìjíríà ti ibodè Sèmè àti ti Ìdí-Ìrókò pa nítorí ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Hamani Tidjani, ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn pé òun ni olórí àwọn tí ń fi ìbọn gba ọkọ̀ ní ilẹ̀ wa tí wọ́n sì ń kó wọn kọjá sí ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Ààrẹ Ọbásanjọ́ àti Ààrẹ Kérékou ní láti pàdé ní Àgbádárìgì kí wọ́n tó ṣí ọ̀nà. Nítorí ẹnì kan, ẹgbẹẹgbẹ̀rún oníṣòwò dúró ti ẹrù wọn lójú ọ̀nà. A kò lè sọ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ pé kí ó kúrò ní ìlú. Ìlú ni ó ti kúrò, ohun tí ó ń ṣe ní ìta gan-an ni ó ń dùn wá.

Nítorí náà ni a ṣe ní láti kọ́ odi. Ṣùgbọ́n irú odi wo ni, ta ni yóò sì wà nínú rẹ̀?

Àwọn tí ó ní kí a yà wọ́n sọ́tọ̀ ní ẹ̀rí tí ó lágbára lọ́wọ́. Ẹni tí bàbá rẹ̀ bá ní abà isu ní Ayétòrò mọ̀ pé a kì í kó isu tí ó ti ń jẹrà jọ pẹ̀lú èyí tí ó yè. Ẹ jẹ́ kí a ro ti ọmọkùnrin kan, ọmọ ọdún méjìdínlógún, tí wọ́n mú ní ẹ̀bá ibodè pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì bẹntiróòlù mẹ́fà tàbí àpò ìrẹsì mẹ́ta. Ó ṣe fàyàwọ́, ó rú òfin, ó sì yẹ kí ó jìyà. Ṣùgbọ́n bí a bá tì í mọ́ iyàrá kan náà pẹ̀lú ẹni tí ó ti ń fi ìbọn jalè láti ọdún mẹ́wàá, ọjọ́ mélòó ni yóò gbà kí ó tó mọ ibi tí wọ́n ti ń ra ìbọn? Yóò wọlé ní alápàá, yóò jáde ní ọ̀jáfáfá. Bí kò bá sì fẹ́ kọ́ iṣẹ́ náà, wọn yóò lù ú, wọn yóò gba oúnjẹ rẹ̀, wọn yóò sì sọ ọ́ di ọmọ ọ̀dọ̀. Adájọ́ dá a lẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà. Kò dá a lẹ́jọ́ pé kí ó di ẹrú adigunjalè.

Ẹ̀rí mìíràn tún wà. Ní alẹ́ ọjọ́ 5 oṣù Keje ọdún 2022, àwọn agbébọn kọlu ọgbà ẹ̀wọ̀n Kuje ní Àbújá. Ó ju 800 ènìyàn tí ó jáde ní alẹ́ náà, àwọn tí wọ́n sì fura sí pé wọ́n jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ Boko Haram nínú wọn ju 60 lọ. Ọgbà tí ààbò rẹ̀ mọ níwọ̀n ni Kuje, kì í ṣe irú èyí tí ó le jù lọ. Nítorí àwọn tí ó ju 60 yìí ni àwọn agbébọn ṣe wá, ṣùgbọ́n ẹni tí ó jí fóònù náà wà lábẹ́ ọta ìbọn ní òru ọjọ́ náà. Bí ó bá jẹ́ pé a ti kó àwọn tí ó ní ẹgbẹ́ ogun lẹ́yìn lọ sí ibi tí ó yẹ wọ́n, àwọn yòókù ì bá sùn. Bí mo bá ronú dé ibí yìí, mo máa ń sọ pé kí a kọ́ ọ, kí odi rẹ̀ sì ga dé ojú ọ̀run.

Ṣùgbọ́n Kuje nìkan kọ́ ni ó ṣẹlẹ̀. Ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹwàá ọdún 2021, nǹkan bí oṣù mẹ́sàn-án ṣáájú ti Kuje, wọ́n fọ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n Abólóńgo ní ìlú Ọ̀yọ́. Ó ju 800 ènìyàn lọ tí ó jáde, gbogbo wọn ni ó sì jẹ́ àwọn tí ilé-ẹjọ́ kò tíì dá lẹ́jọ́. Àwọn díẹ̀ tí a ti dá lẹ́bi wà ní iyàrá tiwọn, a kò sì fọ́ ibẹ̀. Ẹ tún èyí kà dáadáa. Nínú ọgbà kan tí ó gba ẹgbẹ̀rún ènìyàn dín díẹ̀, àwọn tí a lè pè ní ọ̀daràn lábẹ́ òfin kò tó 100. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí káàkiri ilẹ̀ wa: nínú ẹlẹ́wọ̀n mẹ́wàá ní Nàìjíríà, nǹkan bí méje ni adájọ́ kò tíì sọ fún pé, "Ìwọ ni ó ṣe é." Láti ọdún 1955 ni a ti ní ọgbà ẹ̀wọ̀n tí ààbò rẹ̀ le jù lọ ní Kírìkírì, lápá Àpápá ní Èkó, ọgbà tí ààbò rẹ̀ mọ níwọ̀n àti ti àwọn obìnrin sì wà nítòsí rẹ̀. Orúkọ wọn yàtọ̀, odi wọn yàtọ̀. Síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ti wà lẹ́yìn odi tí ó ga jù náà fún ọdún pípẹ́ nígbà tí ẹjọ́ wọn ń rọ́ jáǹjáǹ. Ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé ẹ̀sùn ni ó gbé wọn dé ibẹ̀. Ọlọ́pàá ni ó sì kọ ọ́, kì í ṣe adájọ́.

Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ̀rù ọ̀rọ̀ náà, ọ̀daràn paraku. Ta ni ń pè é? Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1963, ilé-ẹjọ́ dá Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ lẹ́wọ̀n ọdún mẹ́wàá nítorí ọ̀tẹ̀ sí ìjọba, wọ́n sì gbé e lọ sí Kàlàbá, ibi tí ó jìnnà sí àwọn ènìyàn rẹ̀. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1966, ìjọba mìíràn dá a sílẹ̀, ó sì di igbákejì olórí ìgbìmọ̀ ìjọba láìpẹ́. Wọlé Ṣóyínká wà ní àhámọ́ láti ọdún 1967 sí 1969, òun nìkan nínú iyàrá fún èyí tí ó pọ̀ jù nínú àkókò náà, láìsí pé ilé-ẹjọ́ kankan dá a lẹ́bi. Ní ọdún 1995, wọ́n fi Ọgágun Ọbásanjọ́ sẹ́wọ̀n pé ó mọ̀ nípa ìdìtẹ̀ gbàjọba. Ní ọdún 1999, àwọn ará ìlú fi ìbò sọ ọ́ di ààrẹ. Ní ilẹ̀ Gúúsù Áfíríkà, ìjọba kó àwọn tí ó pè ní ọ̀tá ìlú lọ sí erékùṣù Robben kí ojú má baà rí wọn, Nelson Mandela sì lo ọdún 18 níbẹ̀ nínú ọdún 27 tí ó fi wà ní ẹ̀wọ̀n. Èmi kò sọ pé adigunjalè dàbí àwọn wọ̀nyí. Ohun tí mo ń sọ ni pé ògiri kò mọ ẹni tí ó wà lẹ́yìn òun. Ẹni tí ó bá kọ́ ọ fún apànìyàn lónìí kò lè ṣèlérí pé ẹni tí yóò gba kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lọ́la kò ní fi ti olóòótọ́ mọ́lé.

Ó tún ku ohun tí ń ṣẹlẹ̀ sí ọ̀daràn tòótọ́ nínú irú ibẹ̀. Ní ọdún 1829, àwọn Kristẹni kan tí ó fẹ́ràn ènìyàn ran ìjọba lọ́wọ́ láti dá ọgbà ẹ̀wọ̀n kan sílẹ̀ ní Philadelphia ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Wọ́n gbà pé bí ẹlẹ́ṣẹ̀ bá dá gbé nínú iyàrá, tí kò gbọ́ ohùn ẹnikẹ́ni, yóò ronú pìwà dà. Ìfẹ́ ni wọ́n fi ṣe é. Ṣùgbọ́n nígbà tí Charles Dickens, òǹkọ̀wé ará Gẹ̀ẹ́sì, bẹ ibẹ̀ wò ní ọdún 1842, ó padà lọ kọ ọ́ pé ìyà tí wọ́n fi ń jẹ ọkàn ènìyàn níbẹ̀ burú ju ti ẹgba lọ. Ó di ọdún 1913 kí wọ́n tó pa ètò náà tì. Ní erékùṣù Alcatraz, láti ọdún 1934 sí 1963, wọ́n kó àwọn tí àwọn ọgbà yòókù kò lè ṣàkóso jọ sí àárín omi. Ìnáwó orí ẹnì kọ̀ọ̀kan níbẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta ti ibòmíràn, wọ́n sì tì í pa. Ní ọdún 2015, Àjọ Ìparapọ̀ Àwọn Orílẹ̀-èdè fi orúkọ Mandela pe àwọn ìlànà tuntun lórí ẹlẹ́wọ̀n. Ọ̀kan nínú wọn ni pé a kò gbọdọ̀ dá ènìyàn nìkan sé mọ́lé ju ọjọ́ 15 léraléra lọ.

Mo sọ pé mo yí ọ̀rọ̀ mi padà lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀ẹ̀kejì wáyé ní Ayétòrò, ní ìdí ìsọ̀ gààrí. Àwọn obìnrin méjì kan wà ní ọjà náà. Àwọn adigunjalè ti pa ọmọ àkọ́kọ́. Ọmọ ìkejì sì wà lára àwọn tí ilé-ẹjọ́ dá lẹ́bi ọ̀ràn náà, ó sì ń ṣe ẹ̀wọ̀n rẹ̀ ní ọ̀nà jíjìn. Ìsọ̀ wọn kò ju ogún ẹsẹ̀ síra wọn. Mo jókòó ti ìyá tí ó ṣọ̀fọ̀, nítorí pé ìbátan mi ni, mo sì ń sọ àwọn ohun tí mo ti kà fún un: ti ìrònúpìwàdà, ti pé kò yẹ kí á gbàgbé ẹnikẹ́ni sẹ́yìn ògiri. Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ọmọ mi, gbogbo ohun tí o sọ yìí dára. Ṣùgbọ́n bí mo bá gbọ́ alùpùpù ní òru, mo máa ń dìde jókòó. Ìwọ ń sùn. Kí ògiri náà ga."

N kò rí èsì fọ̀ fún un. Títí di òní, bí mo bá gbọ́ tí ẹnikẹ́ni ń sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀tọ́ ẹlẹ́wọ̀n bí ẹni pé kò sí ẹlòmíràn nínú ọ̀ràn náà, ìyá yìí ni mo máa ń rántí.

Ṣùgbọ́n ó yà mí lẹ́nu pé òun kan náà ni ó sọ èyí tí ó tẹ̀ lé e. Ó fi ẹnu júwe ìsọ̀ kejì, ó ní, "Ìyẹn ti lọ wò ó. Ó wọ ọkọ̀ mẹ́rin kí ó tó dé ibẹ̀. Wọ́n ní ọjọ́ ìbẹ̀wò ti kọjá. Ó gbé oúnjẹ rẹ̀ padà wálé." Ó dákẹ́ díẹ̀. "Èmi kò ní kí wọ́n fi ìyẹn náà sẹ́wọ̀n."

Láti ọjọ́ náà ni mo ti fara mọ́ ọn pé kí a ya àwọn kan sọ́tọ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe bí àwọn tí inú ń bí ti máa ń fẹ́ ẹ. Odi gíga wà fún ẹni tí ó lè pa ènìyàn bí ó bá jáde, tàbí tí ó ní ẹgbẹ́ tí yóò wá fi ìbọn gbà á, tàbí tí kò jẹ́ kí ẹlẹ́wọ̀n tí ó rọ̀ ju òun lọ rí ìsinmi. Kì í ṣe fún ẹni tí orúkọ ẹ̀sùn rẹ̀ kàn ń dẹ́rù bani. Obìnrin tí ọkọ rẹ̀ lù fún ọdún mẹ́wàá, tí ó wá fi ọmọ odó fọ́ ọ lórí ní ọjọ́ kan, apànìyàn ni lábẹ́ òfin. Èmi kò rí ìdí tí yóò fi bá olórí ẹgbẹ́ ajínigbé gbé. Ẹni tí a kò tíì dá lẹ́jọ́ gbọdọ̀ ní ibi tirẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀ṣọ́ yóò wà níbẹ̀. Ẹni tí ó bá sì ti wà lẹ́yìn odi gíga gbọdọ̀ mọ ohun tí òun lè ṣe kí wọ́n tó gbé òun kúrò níbẹ̀ lọ sí ibi tí ó rọ̀ díẹ̀, kí a sì máa yẹ ọ̀ràn rẹ̀ wò ní àkókò tí a dá, kí ó má baà jẹ́ pé ẹni tí ó wọlé ní ọmọ ogún ọdún ni a ṣì ń ṣọ́ bí ẹkùn nígbà tí kò lè gun àkàbà mọ́. Òfin wa ti bẹ̀rẹ̀ sí í rí èyí. Òfin ọdún 2019, tí ó yí orúkọ iṣẹ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n padà sí iṣẹ́ àtúnṣe ìwà, sọ pé ẹni tí a dájọ́ ikú fún, tí ó ti lo gbogbo ẹ̀tọ́ rẹ̀ láti pẹjọ́ síwájú, tí ọdún mẹ́wàá sì ti kọjá tí a kò tíì pa á, adájọ́ àgbà lè sọ ìdájọ́ rẹ̀ di ẹ̀wọ̀n gbére. Òfin náà tún fún àwọn aláṣẹ ní agbára láti kọ̀ láti gba ẹlòmíràn wọlé bí ọgbà bá ti kún. Ó kù kí á lò ó.

Ọ̀ràn yìí kò jìnnà sí ẹ̀yin tí ẹ wà ní ilé-ìwé lónìí bí ẹ ti lè rò. Láti ọdún 1999 ni ìwé òfin ilẹ̀ wa ti fi ọgbà ẹ̀wọ̀n sí ìkáwọ́ ìjọba àpapọ̀ nìkan. Ní oṣù Kẹta ọdún 2023 ni wọ́n tún un ṣe kí àwọn ìpínlẹ̀ náà lè ní tiwọn. Nítorí náà Ìpínlẹ̀ Ògùn lè kọ́ ọ̀kan. Ó lè jẹ́ ọ̀kan nínú yín ni yóò wà ní ilé ìgbìmọ̀ ní Abẹ́òkúta nígbà tí wọn yóò bá jíròrò lórí rẹ̀. Ẹnì kan yóò sì dìde, yóò ní igbó pọ̀ ní apá tiwa, láàárín Ayétòrò àti Ìmẹ̀kọ, ilẹ̀ kò wọ́n níbẹ̀, iṣẹ́ yóò sì wà fún àwọn ọ̀dọ́. Yóò ní àwọn ìyá kò ní wọ ọkọ̀ mẹ́rin mọ́.

Èmi kò ní gbà fún un, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó dùn mí. Ibodè súnmọ́ jù. Ẹni tí ó bá fo odi ní òru yóò ti wà ní ilẹ̀ ìjọba mìíràn kí ilẹ̀ tó mọ́, gbogbo wa ni yóò sì jìyà rẹ̀ bí a ti jẹ ẹ́ ní ọdún 2003. Kí wọ́n kọ́ ọ sí àárín ìpínlẹ̀, ní ibi tí ó jìnnà sí ilà. Ṣùgbọ́n kí wọ́n kọ ọ́ mọ́ owó ilé náà láti ìbẹ̀rẹ̀ pé ọkọ̀ ìjọba kan yóò máa gbéra láti Ayétòrò lẹ́ẹ̀kan lóṣù, yóò gba Ìlaròó kọjá, yóò gbé àwọn tí ó ní ẹnì kan níbẹ̀ lọ, yóò sì gbé wọn padà. Àwọn ará ìlú yóò kùn pé owó àwọn ni wọ́n fi ń gbé ìyá olè kiri. Bí wọ́n bá kùn, kí ẹ sọ fún wọn pé ìyá ìsọ̀ gààrí, ẹni tí wọ́n pa ọmọ rẹ̀, kò bá wọn kùn.